Ọkàn Méjì Nínú Fáìlì Kan

Obìnrin kan wà tó ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí ìlú mẹ́fà jọ ń lò. Màmá Síkáànì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gá àgbà dé orí àwọn tó ń nu ilẹ̀. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ náà. Kì í pẹ́ gbàgbé ojú ènìyàn. Ó lè bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan lónìí, kó pàdé rẹ̀ nídìí omi ẹ̀rọ lọ́la kó má mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn tó bá ti fojú kàn lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bí àwọn kan ṣe ń dá ohùn ènìyàn mọ̀ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń dá ọkàn ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ nípa bó ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé.

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ìfura. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá wọlé tí òun ní òjò ń rọ̀, ìyàwó òun á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé kó tó gbà. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ní ti ìyàwó òun ti kúrò ní oògùn, ó ti di oúnjẹ òòjọ́. Kò bá a jiyàn. Ó mọ̀ pé nídìí irú iṣẹ́ tí òun ń ṣe, ẹni tí ara rẹ̀ kì í fu, ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún àwọn ọmọdé níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé dókítà tó ń ṣe é ń yí ilé ìwòsàn bíi mélòó kan po ni. Ọmọ mẹ́wàá ni ọ̀sẹ̀ kan lè gbà. Àwọn tó ń dúró lé ní igba. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí wá dà bí egbò: ibi yòówù kéèyàn fọwọ́ kàn nínú rẹ̀, ẹnì kan á ké. Àhesọ kan tilẹ̀ ti ń jà nílé ìwòsàn náà pé ẹnì kan ń gbé orúkọ àwọn ọmọ kan fo orí àwọn ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó rí i. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ajé tí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀, Màmá Síkáànì ń tún ọkàn àwọn ọmọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí dókítà lè mọ ohun tó máa bá kó tó mú ọ̀bẹ. Aago kan kù díẹ̀ kó lù nígbà tí wọ́n mú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wọlé, ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà, ó ń bá àwọn ènìyàn fọ aṣọ, ó sì ń lọ̀ ọ́. Àpá iná ìlọṣọ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún bí ewé tó rọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọmọ náà lórúkọ mìíràn láàárín ọjọ́ méjì tó dé wọ́ọ̀dù. Oníbèéèrè ni wọ́n ń pè é.

"Kí ló dé tó fi tutù báyìí?" ni Oníbèéèrè wí, nígbà tí Màmá Síkáànì fi oje tó ń yọ̀ pa á láyà.

"Kí n lè rí inú rẹ ni."

"Ṣé ẹ lè rí ohun tí mò ń rò?"

"Rárá o. Ọkàn tó ń ronú kọ́ lèyí, èyí tó ń lù kì-kì ni."

"Mélòó lẹ ti wò lónìí? Ṣé tèmi dára ju tiwọn lọ?"

Màmá Síkáànì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró lójú kan. Ó yí irin ẹ̀rọ náà díẹ̀, ó gbé e sókè sí ìsàlẹ̀ ọrùn ọmọ náà, ó tún gbé e wálẹ̀. Ihò ara ọkàn tí fáìlì ní ó wà, kò sí níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí wàhálà o?" ni alágbàfọ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan. Ibi tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni mò ń wá."

Irọ́ ni. Bó ṣe ń pa á ló ṣàkíyèsí nǹkan kan. Gbogbo ìyá tó bá wọ yàrá yẹn, ojú ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò, bí wọn kò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Obìnrin yìí kò wo ẹ̀rọ rárá. Ojú Màmá Síkáànì ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ojú ọlọ́pàá tó ń ka ìwé ọkọ̀ rẹ̀.

Màmá Síkáànì gbé fáìlì, ó pe orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà ń wo fáànù tó ń yí lókè. Ó tún un pè. Alágbàfọ̀ fi ìka tọ́ ọ léjìká.

"Wọ́n ń pè ọ́, ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Ẹn," ni ọmọ náà wí, ó sì wo obìnrin náà kó tó wo ẹni tó pè é.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá Síkáànì ti ilẹ̀kùn, ó wá àwòrán tó yà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jáde nínú ẹ̀rọ. Nínú ti ìgbà yẹn, ihò kan tó tóbi tó hóró ẹ̀wà wà lára ògiri tó pín yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn sí méjì. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lọ sí gbogbo ara wá tẹ̀ kọ́rọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí kì í wọ́pọ̀; apá òsì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ sí. Nínú ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ògiri náà dán gbinrin. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣí sílẹ̀ lókè, irú èyí tó yẹ kó ti dí láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bí ọmọ. Iṣan ńlá sì tẹ̀ sápá òsì.

Òfin kan wà tó fi ń ṣiṣẹ́: ẹni tó bá fẹ́ fura sí ayé, kó kọ́kọ́ fura sí ara rẹ̀. Ó yẹ ọjọ́ wò, ó yẹ àkókò wò. Ó wo ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àkọ́kọ́: "Iṣan yí sọ́tùn-ún. Ẹ ṣọ́ ọ." Ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ó bá dókítà oníṣẹ́-abẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì lórí ìdúró. Obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

"Ihò máa ń dí fúnra rẹ̀, Màmá," ni dókítà wí nígbà tó gbọ́ ọ tán. "Ẹ̀yin náà ti rí i rí."

"Ihò lè dí, Dókítà. Ṣùgbọ́n odò tó ti ń gba ọ̀tún ilé ṣàn láti ọjọ́ tí a ti dáyé, ṣé ó lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òsì lòun fẹ́ máa gbà?"

Dókítà dá bisikíìtì padà sínú ọ̀rá. Ó wo àwòrán méjèèjì lórí fóònù Màmá Síkáànì, ó wò ó títí.

"Á jẹ́ pé àwòrán ọmọ mìíràn lẹ fi sínú fáìlì yìí nígbà yẹn."

"Èmi?"

"Mi ò ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀. Màmá, ẹ má bínú o, ṣé ojú yín ò ti máa rẹ̀ yín ni? Iṣẹ́ yìí pọ̀." Ó wo aago rẹ̀. "Kó tó di aago mẹ́rin, mo gbọ́dọ̀ mọ ọkàn ta ni mo fẹ́ ṣí lọ́la."

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn wọ Màmá Síkáànì lára bí abẹ́rẹ́. Bó ṣe yíjú padà báyìí, àhesọ tó ti ń jà nílẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ó sì gba yàrá fáìlì lọ tààrà.

Bàbá kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ku ọdún kan ló ń tọ́jú yàrá yẹn. Bàbá Fáìlì ni wọ́n ń pè é. Pẹpẹ onírin kún ibẹ̀ dé òkè àjà, òun nìkan ló sì mọ ibi tí nǹkan wà. Òun ló tún ń kọ ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró. Màmá Síkáànì kò kí i dáadáa. Ó gbé fáìlì lé orí tábìlì.

"Bàbá, ọmọ ta lẹ fi sí àyè ọmọ yìí?"

Bàbá Fáìlì yọ awò ojú rẹ̀. "Kí lo wí?"

"Ọmọ tó wà ní wọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹni tí mo wò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹnì kan ti pààrọ̀ nǹkan. Ẹ̀yin lẹ sì ni ìwé orúkọ lọ́wọ́."

Ẹyin lohùn, ó ti já bọ́, ó sì ti fọ́. Bàbá náà dìde. Ó ṣí ìwé ńlá náà, ó fi ìka tọ́ ọ láti orí nọ́ńbà kìíní wá sílẹ̀, ó ń fi ọjọ́, ìfọwọ́sí àti àtàǹpàkò hàn án. Kò sí ibi tí wọ́n ti pa rẹ́, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ lé lórí.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni bàbá náà wí. "Ọmọ àbúrò mi gan-an wà nínú ìwé yìí, nọ́ńbà kẹtàléláàádọ́fà. Mò ń wò ó lójoojúmọ́, mi ò gbé e kúrò. Ìwọ wá dúró síwájú mi, o ní mo pààrọ̀ ọmọ." Ó ti fáìlì náà padà sí i. "Èmi kì í wo ọkàn, ìwé ni mò ń wò. O kò tilẹ̀ kà á tán. Dókítà eyín kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ìwọ tí ìfura rẹ pọ̀, lọ kà á."

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó dúró níbẹ̀ kà á. Ṣé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, dókítà eyín gbọ́dọ̀ yẹ ẹnu rẹ̀ wò, kí ìdọ̀tí inú eyín jíjẹrà má baà bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn. Dókítà eyín ti kọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé eyín ìsàlẹ̀ méjì tó wà níwájú ti yọ, tuntun sì ti hù dé ìdajì.

Ó mú ọ̀nà wọ́ọ̀dù pọ̀n. Oníbèéèrè jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka irin ojú fèrèsé.

"Yanu kí n rí eyín rẹ."

Inú ọmọ náà dùn. Ó ya ẹnu gbàgà, ó fi ìka ti eyín ìsàlẹ̀ kan síwá sẹ́yìn. "Èyí ti ń mì! Kò tíì yọ rí. Ìyá mi ní tó bá yọ, ká jọ tọ́jú ẹ̀ sínú agolo."

Gbogbo eyín ìsàlẹ̀ ló pé, eyín wàrà kéékèèké, kò sí ọ̀kan tó yọ. Alágbàfọ̀ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ọmọ náà ṣe dárúkọ ìyá rẹ̀, ojú fèrèsé ló wò, kò wo obìnrin tó jókòó tì í.

"Ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀ jù," ni alágbàfọ̀ wí, ó sì fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá Síkáànì pe olórí nọ́ọ̀sì sí kọ̀rọ̀. "Ṣé obìnrin yìí náà ló gbé ọmọ wá nígbà àkọ́kọ́? O mọ̀ pé èmi kì í rántí ojú."

"Òun ni. Mo rántí àpá ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo bá a fi òróró sí i lọ́jọ́ yẹn, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó o ni."

"Ìyá kan náà, ọmọ ọ̀tọ̀."

Olórí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé kì í ṣe ọmọ jíjí nìyí? Níbo wá ni ti àkọ́kọ́ wà?"

"Ohun tí mò ń bi ara mi nìyẹn."

"Ẹ dúró. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wá lásìkò àbẹ̀wò. Wọ́n ní àǹtí ọmọ náà ni. Ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń dúró sí, kì í fọwọ́ kan ọmọ. Ọmọ yìí tí kì í dákẹ́, tó bá ti wọlé báyìí, ṣe ló máa ń dákẹ́ lọ gbári."

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Màmá Síkáànì ní kí nọ́ọ̀sì sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ yẹn jáde. Lẹ́yìn náà ló ní kí alágbàfọ̀ nìkan tẹ̀ lé òun, òun fẹ́ fi nǹkan hàn án. Ó ti kọjá aago mẹ́ta.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá síkáànì. Kò ní kó jókòó. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí agbẹjọ́rò: eyín lákọ̀ọ́kọ́, kó tó kan iṣan, kó tó wá kan ìbéèrè ibi tí ọmọ wà. Ó gbé àwòrán méjèèjì sójú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwòrán tó ń rìn ni wọ́n, nítorí náà ọkàn méjèèjì ń lù níwájú wọn, ọ̀kan ń yára ju èkejì lọ.

"Ẹ wo nǹkan yìí dáadáa," ló wí. "Kì í ṣe ọmọ kan náà nìyí, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti purọ́. Mo ti rí eyín rẹ̀, mo ti rí gbogbo ẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé wá dà?"

Obìnrin náà sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Èwo ni ti tẹ́lẹ̀?"

"Ti ọwọ́ ọ̀tún."

"Èyí tó ń lù yìí?"

"Òun ni."

"Ọmọ mi nìyẹn?" Ó na ọwọ́, kò jẹ́ kó kan gíláàsì. "Mà, ṣé ó ṣì ń lù ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá Síkáànì tò kalẹ̀ fò lọ. Ó ti wà nídìí ẹ̀rọ yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó tíì bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí.

"Àwòrán ni, àbúrò mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Àwòrán ti ọjọ́ yẹn ni."

Alágbàfọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì náà wàyí. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò pariwo. Omijé kàn ń ṣàn ni, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọkàn kékeré tó ń sáré lù níbẹ̀.

"Ọjọ́ méjìdínlógójì rèé tí a sin ín," ló wí. "Àárọ̀ kan ni, kò jí. Lọ́jọ́ kọkànlá, fóònù dún. Wọ́n ní ibí yìí ni wọ́n ti ń pè, wọ́n ní àyè ti yọ, kí n gbé e wá. Mo la ẹnu láti sọ fún wọn, ohùn kò jáde. Ẹni tó pè mí wá ní, 'Ẹ kú oríire o, Ìyá.'"

Màmá Síkáànì fa àga, ó jókòó sún mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù jáde. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni ìyá Oníbèéèrè. Ó ń gbálẹ̀ nílé ìwé, ilé kan náà lòun àti alágbàfọ̀ ń gbé, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Àwọn ọmọ méjèèjì ni kì í lè sáré, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣeré. Nọ́ńbà ọgọ́sàn-án ni Oníbèéèrè wà nínú ìwé Bàbá Fáìlì, ibòmíràn ni wọ́n sì ti wo ọkàn rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì rẹ̀, ó ní kó fún òun ní ọmọ náà, kí òun gbé e lọ lórúkọ ti òun tó ti lọ.

"Mo rò pé ihò ni ihò," ni alágbàfọ̀ wí. "Mo ní bí wọ́n bá ti ṣí i, wọ́n á rí èyí tó yẹ kí wọ́n dí."

"Ihò kò sí lára ògiri tirẹ̀. Wọn ì bá la àyà rẹ̀ níwájú, wọn ì bá dá ọkàn rẹ̀ dúró, kí ẹ̀rọ máa bá a ṣiṣẹ́, kí dókítà máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀ kiri. Ọmọ náà lè má jí mọ́."

Alágbàfọ̀ gbá ẹnu mú.

Màmá Síkáànì gbà á gbọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é dé egungun. Síbẹ̀, ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀: ó mú un padà sí wọ́ọ̀dù, ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì dìgbà tí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà dé, ó wá bi ọmọ náà pé, "Ta nìyí?" Oníbèéèrè kọ́kọ́ wo alágbàfọ̀. Alágbàfọ̀ mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ọmọ náà bá fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màámi!" ló ké, ó sì fi orí gún ikùn obìnrin náà. "Ṣé mo ti lè máa pè yín padà báyìí?"

Nígbà tó di aago mẹ́rin, wọ́n pé jọ ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Ó ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

"Ká sọ fún wọn pé kí ni?" ni dókítà bi í. "Pé ó gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn wá sílé ìwòsàn?"

"Pé ó purọ́. Pé ó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá kú lórí tábìlì rẹ lọ́la ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa wá?"

Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà nínú àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn náà fi pẹ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà gbà pé òun kò ní í pe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹsẹ̀ sínú wọ́ọ̀dù mọ́. Wọ́n ní kí Màmá Síkáànì náà sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní àyè ọ̀la, ọmọ tó wà ní nọ́ńbà kọkànlá ló ni ín. Bàbá Fáìlì gbé ìwé wá, ó ka orúkọ rẹ̀: ọmọ ọdún méjì kan tí àyẹ̀wò rẹ̀ ti pé, bàbá rẹ̀ jẹ́ awakọ̀. Wọ́n pè wọ́n, wọ́n sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó wá ku Oníbèéèrè. Dókítà ní ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣí sílẹ̀ lókè ọkàn rẹ̀ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà so ó pa, kò gba dídá ọkàn dúró. Bí iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì bá tètè parí, òun lè ṣe é láàárín wákàtí kan ààbọ̀, lórúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ gan-an.

"Àwọn mẹ́rin tó ní irú àìsàn yìí wà níwájú rẹ̀," ni Bàbá Fáìlì wí, láìgbé ojú sókè. "Ṣé a máa fo wọ́n ni?"

Dókítà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá náà.

"Mélòó nínú wọn la ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti eyín wọn wò?" ni dókítà bi í.

"Kò sí."

"Àwọn àyẹ̀wò yẹn kò lè pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Tirẹ̀ ku eyín nìkan, dókítà eyín á sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Bí a kò bá ṣe é, òfo ni wákàtí yẹn máa lọ."

Bàbá Fáìlì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí dókítà fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i, ó wá yí ìwé sí Màmá Síkáànì. "Ìwọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún wá bi mí pé ta ni mo fi sí àyè ta."

Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n jáde, ó tẹ̀ lé bàbá náà dé ẹnu yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. "Bàbá, mo fi ẹ̀sùn tí ẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀ kàn yín. Ẹ forí jì mí."

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá Fáìlì wí. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ parí lákòókò. Aago méjì ni wọ́n gbé Oníbèéèrè wọlé, aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde. Nígbà tí Màmá Síkáànì wo ọkàn rẹ̀, ọ̀nà náà ti pa dé pátápátá. Ìbéèrè mẹ́ta ni ọmọ náà ti béèrè kó tó lajú tán.

Olórí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé alágbàfọ̀ ti wà lẹ́yìn géètì láti àárọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kó wọlé. Màmá Síkáànì bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde tọ̀ ọ́ lọ. Obìnrin náà dúró ti ògiri, ó di apá méjèèjì máyà.

"Wọ́n ti ṣe é," ni Màmá Síkáànì wí. "Ó ti jí. Ara rẹ̀ le."

Alágbàfọ̀ wo ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé òótọ́ lẹ ń sọ?"

"Òótọ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo wò ó."

"Ẹ̀yin náà lẹ wo tèmi. Ẹ ní ó lè dúró dìgbà tó bá kàn án."

Màmá Síkáànì kò rántí pé òun sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun sọ ọ́, nítorí ohun tó ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn. Kò wá àwáwí kankan.

"Dúró dè mí," ló wí.

Ó padà sí wọ́ọ̀dù, ó gba ipò ìyá Oníbèéèrè lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí obìnrin náà jáde lọ rí ẹnìkejì rẹ̀. Láti ojú fèrèsé, ó rí àwọn méjèèjì nídìí géètì. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó rí i pé alágbàfọ̀ ń béèrè, ìyá ọmọ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, alágbàfọ̀ tún ń béèrè. Ìyá ọmọ wá di ọwọ́ rẹ̀ tó ní àpá iná mú, ó gbé e lé àyà ara rẹ̀, ó ń fi hàn án bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń lù. Ìgbà yẹn ni alágbàfọ̀ tó fi orí lé e léjìká.